Igi Tí A Kò Gbọdọ̀ Dárúkọ

Ẹ má tíì dá Tíṣà Adégbìtẹ́ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Alfa Bẹ̀llò àti Adélàjà ṣe. Àgbà méjì, irùngbọ̀n méjì! Alfa Bẹ̀llò ń ta aṣọ ní Iweka Road, Adélàjà ń ta mílíìkì àti sàdíìnì ní Odoakpu, àwọn méjèèjì sì jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Afìmọ̀ṣọ̀nà, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tí wọ́n fẹ́ràn ìmọ̀ ní Onitsha. Tíṣà Adégbìtẹ́ ni ààrẹ wọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n á kó ara wọn jọ sí kíláàsì kan ní ilé-ìwé tí Tíṣà ti ń kọ́ni. Ẹnì kan á dìde, á sọ ohun tó ti ń wádìí, yálà ìtàn ìlú, yálà ìràwọ̀ ojú ọ̀run, yálà bí àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ aró, àwọn yòókù á sì máa da ìbéèrè bò ó títí yóò fi máa nu òógùn. Ohun tó ń dùn mọ́ wọn nínú nìyẹn. Kò sí ẹni tó fi tipátipá mú wọn.

Nígbà tó yá ni òṣèlú ilé dàrú. Ní ìwọ̀-oòrùn tí gbogbo wọn ti wá, ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi igi ọ̀pẹ ṣe àmì, òmíràn fi ọwọ́, òmíràn tún fi àkùkọ. Adélàjà fẹ́ràn ọ̀pẹ dé ojú ikú. Alfa Bẹ̀llò, ọwọ́ ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Adélàjà ń ṣàlàyé ìràwọ̀, ó ní òun rí àwọn kan lókè tí wọ́n tò bí igi ọ̀pẹ gẹ́lẹ́. Alfa Bẹ̀llò nawọ́ sókè láti bi í ní ìbéèrè. Adélàjà ní, "Sọ ọwọ́ burúkú yẹn kalẹ̀!" Háà! Kí ẹni tó wà láàárín wọn tó sọ pé ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ǹṣì ti fò. Eyín iwájú Adélàjà kan ṣì wà nílẹ̀ kíláàsì náà, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò bá tíì gbá a dànù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Tíṣà jókòó, ó ṣe òfin. Òfin náà ní ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ìpàdé, tàbí nínú ohunkóhun tí a bá fi orúkọ ẹgbẹ́ sọ níta. Ẹni tó bá rú u, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò máa jókòó sí, kò sì ní la ẹnu títí ọdún yóò fi parí. Wọ́n fi Alfa Bẹ̀llò ṣe olùṣọ́ òfin, wọ́n fún un ní agogo ilé-ìwé pé kí ó máa lù ú bí ẹnikẹ́ni bá ṣi ẹnu sọ. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ju bẹ́ǹṣì ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ àlàáfíà.

Òfin náà ṣiṣẹ́, kí a má purọ́. Ìjà tán. Àmọ́ òfin tí a bá fi ìbẹ̀rù ṣe, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Wọn kò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́ ní ìpàdé, ìgúnpá ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Wọn kò se adìyẹ mọ́ bí àjọ̀dún ẹgbẹ́ bá dé, torí ta ló lè búra pé adìyẹ inú ìkòkò kì í ṣe akọ? Ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn ìpàdé, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ń sè é, nítorí epo pupa, gbogbo wa la mọ igi tó ti ń wá. Mazi Ilozue, aládùúgbò Tíṣà ní Fegge, yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, ó rí ẹ̀wà funfun báláú nínú abọ́ gbogbo wọn. Àánú ṣe é. "Teacher," ó ní, "who die?"

"Nobody die, Mazi," Tíṣà dáhùn. "Na law."

Ẹni tí òfin náà wá dùn jù ni Tíṣà fúnra rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀pẹ gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ó ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀pẹ ṣe àmì ló ti ń wá ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pẹ ìlà-oòrùn Odò Ọya àti ọ̀pẹ ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ó mọ ẹyìn, ó mọ èkùrọ́, ó mọ ìhán, bí wọ́n bá fi imọ̀ ọ̀pẹ lásán nà án lójú oorun, á sọ oko tí wọ́n ti gé e. Kí ni kó wá ṣe? Òun ló ṣe òfin. Kò lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "igi ọ̀hún". Igi ọ̀hún ní ìlà-oòrùn, igi ọ̀hún ní ìwọ̀-oòrùn, omi igi ọ̀hún, epo igi ọ̀hún. Ó pè é títí ó fi mọ́ ọn lára. Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ òun tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú àlá. Nígbà tó fi di ọdún 1965, orí Tíṣà ti dá igi náà sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára èyí tí àwọn olóṣèlú ń gbé kiri. Ọ̀pẹ ni ti àwọn jàǹdùkú, igi ọ̀hún ni ti àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Gàfárù, akọ̀wé kékeré ní ilé-iṣẹ́ onígi kan, gba ìsinmi láti lọ kí ìyá rẹ̀ nílé. Ọmọ dáadáa ni Gàfárù, òun nìkan ni kì í sùn bí Tíṣà bá ń sọ̀rọ̀ ìwádìí rẹ̀. Tíṣà pè é, ó ní, "Gàfárù ọmọ mi, bí o bá ti ń bọ̀, bá mi gé imọ̀ igi ọ̀hún wá láti abúlé bíi mẹ́fà. So orúkọ abúlé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà dàrú mọ́ mi lójú."

Gàfárù ní, "Ó dáa, sà."

Ẹ gbọ́ ná. Oṣù Ọ̀wàwà ni. Ọ̀sẹ̀ ìbò ni. Ilé ń jó lọ́tùn-ún lósì ní ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ènìyàn lára, wọ́n ń pè é ní wẹtìẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ọ̀pẹ ń gbé imọ̀ kiri ìgboro, àwọn ọlọ́pàá ń lé wọn. Ìgbà náà ni ènìyàn méjì tó gbọ́n, tí wọ́n ka ìwé, fẹnu kò pé kí ọ̀kan nínú wọn ru ìdì imọ̀ ọ̀pẹ gba àárín rẹ̀ kọjá! Kò sì sí èyí tó ronú kàn án nínú àwọn méjèèjì, torí igi ọ̀hún ni wọ́n rán ara wọn. Wọn ò rán ara wọn ní ọ̀pẹ.

Ìlú kékeré kan ni àwọn ọlọ́pàá ti dá ọkọ̀ Gàfárù dúró. Wọ́n tú ìdì rẹ̀. Wọ́n rí imọ̀ ọ̀pẹ mẹ́fà, orúkọ abúlé kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wọn ní, "Ṣé ẹ rí i? Abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n fẹ́ ti dáná rèé." Wọ́n ju Gàfárù sí àtìmọ́lé.

Awakọ̀ kan ló gbé ìròyìn náà dé ibùdókọ̀ Iweka Road. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Sìdíkàt ìyàwó Gàfárù wọ ìpàdé wá láìkan ilẹ̀kùn. Aránṣọ ni Sìdíkàt, Fegge ni wọ́n bí i sí, Ìgbò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Yorùbá tó sọ tó gẹ́.

"Ẹ̀yin bàbá wa, mo kúnlẹ̀," ó ní. "Wọ́n ti ọkọ mi mọ́lé nítorí imọ̀ ọ̀pẹ..."

Alfa Bẹ̀llò lu agogo.

"Alfa, kí lẹ ń lu agogo fún? Mo ní wọ́n ti ọkọ mi mọ́lé! Imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ̀yin..."

Agogo tún dún. Alfa ní, "Má bínú, ọmọ mi. Òfin ni. Sọ ọ́ lọ́nà mìíràn."

Sìdíkàt wo agogo, ó wo Alfa. Ó ní, "Wọ́n ti ọkọ mi mọ́lé nítorí nǹkan tí ẹ rán an. Ẹgbẹ́ onímọ̀ lẹ pe ara yín. Kí ẹ dìde lọ, kí ẹ lọ sọ pé ìmọ̀ ló ń wá, kì í ṣe ìjà. Gbogbo ohun tí mo bẹ̀ yín fún nìyẹn."

Adélàjà fò dìde. Ó ní kí wọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi mọ sí orí Gàfárù. Kí ẹgbẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ìbò náà látòkèdélẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n wọ́ dé Èkó bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni ìmọ̀ wà fún bí kò bá lè la ẹnu níwájú ìrẹ́jẹ? Alfa Bẹ̀llò ní, "Ẹ ò gbọ́? Ẹ ò gbọ́? Nítorí èyí la ṣe ṣòfin! Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yìí bá sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ìbò, ó ti di ẹgbẹ́ òṣèlú nìyẹn, àwa tí a kò sí lẹ́yìn yín á gba ilé wa lọ." Adélàjà ní kó máa lọ. Alfa ní kí ẹni tí kò léyín má lé òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo bẹ́ǹṣì.

Tíṣà dá sí i. Lójú rẹ̀, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ìyẹn gan-an ló sì ń já a láyà. Bí ẹgbẹ́ bá sọ̀rọ̀, ó tú. Bí ẹgbẹ́ bá dákẹ́, Gàfárù ń jìyà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá ọ̀nà àárín. Wọ́n á tẹ wáyà sí àwọn ọlọ́pàá náà, ṣùgbọ́n wáyà tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Adélàjà fi "a bẹ̀ yín" sí i, Alfa yọ ọ́ kúrò, ó ní ẹ̀bẹ̀ ti jọ gbígbè sẹ́yìn. Ohun tó kù nígbẹ̀yìn rèé:

"Ẹgbẹ́ wa mọ Gàfárù. Ẹgbẹ́ wa kò sọ pé ó jẹ̀bi, kò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Igi tí ó gé ewé rẹ̀, òfin wa kò gbà wá láyè láti dárúkọ rẹ̀. Ààrẹ, Ẹgbẹ́ Afìmọ̀ṣọ̀nà."

Inú wọn dùn sí i. Wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n rántí òfin, wọ́n fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Sìdíkàt nìkan ni kò jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Kí wáyà tó dé, ó ti ń rẹ àwọn ọlọ́pàá yẹn. Wọ́n ti ń sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá wá dúró fún Gàfárù, kó máa mú un lọ. Wáyà dé, ọ̀gá wọn kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó dìde dúró. Ẹgbẹ́ wo nìyí tí kò gbọdọ̀ dárúkọ igi? Awo ni! Wọ́n ti búra! Wọ́n gbé Gàfárù lọ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé irú ìmùlẹ̀ wo ni wọ́n mu ní Onitsha. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Àgbọn ni mo pè é o, Alfa, òun kò sí nínú òfin.

Nígbà tí awakọ̀ mú ìròyìn kejì yìí dé, Sìdíkàt kò dúró de ìpàdé. Ilé Tíṣà ní Fegge ló gbà lọ láàárọ̀, ó bá a nídìí ògì àti àkàrà.

"Bàbá, wáyà yín ti dé ọ̀hún," ó ní, ó sì sọ bó ṣe rí fún un.

Tíṣà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Sìdíkàt, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò gbèrò ibi. Ipò ààrẹ tí mo wà le. Bí mo bá..."

"Ta ló rán an níṣẹ́, Bàbá?"

"Fún ẹgbẹ́ ni ìwádìí náà wà..."

"Mi ò béèrè ẹgbẹ́. Mo ní ta ló rán an? Ṣé ẹgbẹ́ ló pè é ní ọmọ mi? Nígbà tó ń lọ, ó sọ fún mi pé, 'Tíṣà fọkàn tán mi, kò rán ẹlòmíràn.' Ó ń yọ̀! Ó yọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ìyàwó kejì! Mo sì bú u nítorí ẹ̀rín yẹn, òun ni ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ gbẹ̀yìn." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ó yá, ẹ jẹ ògì yín. Èmi ń lọ. Èmi ò ní òfin."

Ojú ti Tíṣà débi pé kò lè gbé orí sókè. Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, jáde láti inú yàrá, ó gbé bàtà ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì padà wọlé. Tíṣà wọ bàtà.

Alfa Bẹ̀llò pàdé wọn létí odò bí wọ́n ṣe ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn sọdá sí Àsábà. Ẹni ibi kọ́ ni Alfa, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó gbé súyà wá fún wọn láti jẹ lọ́nà. Ó fa Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Alàgbà, bí ọ̀rọ̀ bá le lọ́hùn-ún, ẹ ní ẹgbẹ́ ni. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi yín, ẹgbẹ́ ni. Ẹgbẹ́ kò lọ́rùn ọwọ́ tí wọ́n á fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí." Ìmọ̀ràn náà bọ́ sí Tíṣà lára. Ó há a sórí títí wọ́n fi kọjá Ìbíní.

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà, imọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí tábìlì ọ̀gá, wọ́n ti gbẹ. Ọ̀gá náà sanra, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹni tí kò tíì sùn láti ọjọ́ ìbò. Ó mú ọ̀kan sókè. "Ìwọ ni ààrẹ? Ó dáa. Ewé kí ni èyí?"

Tíṣà la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ewé igi ọ̀hún."

"Igi wo?"

"Igi... igi ọ̀hún, sà."

Ọlọ́pàá méjì wo ara wọn. Ọ̀kan sún mọ́ ìbọn rẹ̀. Sìdíkàt fi gìgísẹ̀ tẹ Tíṣà lẹ́sẹ̀ tagbáratagbára.

"Ọ̀PẸ!" Tíṣà kígbe. "Ọ̀pẹ ni! Ọ̀pẹ, ọ̀pẹ, ọ̀pẹ!"

Nígbà tó ti sọ ọ́, kò mọ bó ṣe lè dákẹ́ mọ́. Gbogbo ọdún tó fi ń gbé e mì ló ń pọ̀ jáde. Ó gba imọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó fi ìdí rẹ̀ hàn án, ó fi ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn án, ó ní èyí wá láti ilẹ̀ olómi, ìyẹn wá láti orí àpáta, ó ní ẹ wo bí ti ibí ṣe gùn ju ti Onitsha lọ, ó ní ẹyìn tí èèpo rẹ̀ nípọn ló lépo, èyí tí èkùrọ́ rẹ̀ tóbi kò lépo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá fà sún mọ́ tábìlì. Ọ̀kan tilẹ̀ ní oko bàbá òun ní irú èyí tí kò lépo, pé kí ni kí àwọn ṣe sí i? Tíṣà dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Afìmọ̀ṣọ̀nà sílẹ̀, kò tíì rí àwọn olùgbọ́ tó fetí sílẹ̀ báyìí.

Ọ̀gá nìkan ni kò sún mọ́ ọn. Ó jẹ́ kí Tíṣà sọ̀rọ̀ tán.

"O mọ ọ̀pẹ," ó ní. "Ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn ò mọ tó báyìí. Ta ló rán an?"

Ọ̀rọ̀ Alfa Bẹ̀llò wà ní ẹnu Tíṣà, ó ti fẹ́ jáde. Ẹgbẹ́ ni. Ó wo Sìdíkàt. Sìdíkàt kò wò ó rárá, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ló tẹjú mọ́.

"Èmi ni," Tíṣà ní.

"Ta ló ní kó so orúkọ abúlé mọ́ ọn?"

"Èmi ni."

"Wáyà burúkú yìí ńkọ́? Ìwọ àbí ẹgbẹ́ yín?"

Tíṣà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rò ó pé ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn pátá.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Èmi náà ni mo ṣe òfin pé kí wọ́n má dárúkọ igi náà. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan."

"Nígbà náà, ìwọ ni olórí wọn," ọ̀gá ní, ara tù ú bí ẹni tó ti rí ohun tó ń wá. "Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀. Ẹ ti bàbá yìí mọ́lé."

Wọ́n mú Gàfárù jáde. Ó ti rù, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rí Tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èyí tí mo gé kẹ́yìn, mi ò rí okùn fi so orúkọ mọ́ ọn dáadáa." Sìdíkàt ti gbá a mú kó tó sọ ọ́ tán. Ó ń sunkún, ó ń bú u, Ìgbò àti Yorùbá ń lọ́ mọ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yíjú sí Tíṣà, ó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́.

"Ẹ máa lọ," Tíṣà sọ fún wọn. "Ẹ máa lọ kí ó tó yí ọkàn padà."

Ọlọ́pàá kékeré kan fa àga, ó mú gègé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ẹni tuntun. Ó béèrè ọjọ́ orí, Tíṣà sọ. Ó béèrè iṣẹ́, Tíṣà sọ.

"Ẹgbẹ́ wo lo wà?"

Tíṣà wo ìta láti ojú ilẹ̀kùn. Gàfárù àti Sìdíkàt ti dé ẹ̀gbẹ́ títì, Gàfárù ń tiro, Sìdíkàt ti bọ́ bàtà tirẹ̀ fún un.

"Ẹgbẹ́ Gàfárù," ó ní.

Ọlọ́pàá náà kọ ọ́. Ó dáwọ́ dúró, ó yí orí. "Mi ò gbọ́ ọ rí. Àmì wo ni wọ́n ń lò?"

"Kọ ọ́ pé a kò tíì ní," Tíṣà dáhùn, ó ń tú ìgbànú rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. "Òní yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀."